MOSFET inverter ń jóná, simulation ní kò sí ewu: bí a ṣe lè so ooru pọ̀ mọ́ iná nínú LTspice

Ọmọ_Tanke kọ pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Abèèrè kì í ṣìnà ni mo fi wá.

Inverter fóòtì 12 ni mo ń tò fún ṣọ́ọ̀bù kan níbí ní Tanke. Push-pull ni (apá méjì ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà-n-gbà), tiransífọ́mà onírin 50 Hz, IC SG3524 ló ń darí rẹ̀. MOSFET IRF3205 méjì wà ní apá kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jọ wà lórí heat sink kan tí fáànù ń fẹ́. Mo ya á sínú LTspice, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń dán sákúìtì wò, mo gbé ẹrù 1000 W lé e. Ohun tí mo rí ni pé MOSFET kọ̀ọ̀kan ń sọ nǹkan bíi 9.6 W di ooru. Mo ṣírò heat sink mọ́ ọn, ó fún mi ní 95°C ní junction, ìyẹn inú síílíkọ́nì gan-an. Datasheet ní ó lè dé 175°C. Àyè tó wà láàárín méjèèjì pọ̀ gan-an.

Síbẹ̀, tó bá ti di ọ̀sán gangan tí fírísà ń ṣiṣẹ́, apá kan á kàn gbiná. Mo ti fi oscilloscope wo gate, ó mọ́ dáadáa. Kò sí ohun tó ṣe tiransífọ́mà. Kí ni LTspice ń fi pa mọ́ fún mi?

Alfa_Wáyà kọ pé:

Asalaamu alaekun, ẹ̀yin èèyàn wa.

Àbúrò, ìgbóná wo lo fi ran simulation yẹn? Tí o kò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, 27°C ni. Bí SPICE ṣe rí nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti kọ ọ́ ní Berkeley, ní California, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, LTspice sì jogún rẹ̀. Ìgbóná kan ṣoṣo ló ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé òpin. Tiransísítọ̀ ì báà máa sọ 50 W di ooru, 27°C náà ni síílíkọ́nì rẹ̀ máa wà lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀sán wo ní Ìlọrin ló ń jẹ́ 27°C nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ká má tíì sọ inú àpótí irin tí wọ́n gbé sẹ́yìn fírísà?

O lè kọ `.step temp list 25 75 125` kí o wo ìyàtọ̀. Ìyẹn náà kò tó ṣá, torí ìwọ lò ń sọ ìgbóná fún un. Òun fúnra rẹ̀ kò wá a.

Ìgbómìnà_Power kọ pé:

Alfa ti fọwọ́ kan ojú egbò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe máa jẹ́ kó wá a fúnra rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ wa ní Ọ̀mù-Àrán níbí ló mọ iná dunjú, àmọ́ tó bá kan ooru, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kan heat sink láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná jù.

Ìṣirò ooru àti ìṣirò iná bá ara wọn mu. Ìgbóná ní °C ló dúró fún fólítéèjì. Wáàtì ló dúró fún kọ́rẹ́ǹtì. °C/W tó wà nínú datasheet, òun ni óòmù. Ooru tí irin ń gbà sínú kí ó tó fi dígírì kan gbóná, J/°C, òun ni farad. Nítorí náà, ẹ lè ya sákúìtì kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ nínú fáìlì kan náà, kí wáàtì MOSFET máa wọ inú rẹ̀ bíi kọ́rẹ́ǹtì, kí ìgbóná tó bá jáde níbẹ̀ sì padà lọ yí óòmù MOSFET padà. Bí ooru àti iná ṣe ń di ọ̀kan nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí, kó lè rọrùn:

```
S1 d x g 0 MYSW
R1 x 0 R=8m*(1+0.007*(V(Tj)-25))
B1 0 Tj I=V(x)*I(R1)
Rjc Tj Tc 0.75
Rcs Tc Th 1
Rsa Th Ta 4
Va Ta 0 40
Cj Tj 0 0.02
Ch Th 0 0.1
.ic V(Tj)=40 V(Th)=40
.model MYSW SW(Ron=10u Roff=1Meg Vt=5)
```

Tj ni ìgbóná junction, Tc ti ẹ̀yìn MOSFET, Th ti heat sink, Ta ti afẹ́fẹ́. 8 mílíóòmù ni Rds(on) IRF3205 tó pọ̀ jù ní 25°C, ìyẹn óòmù drain sí source nígbà tó bá ṣí tán. 0.75°C/W ni datasheet kọ fún junction sí ẹ̀yìn rẹ̀. 1°C/W ni mo fún máíkà àti paste funfun. Mo gbà pé heat sink rẹ pẹ̀lú fáànù jẹ́ 1°C/W, àmọ́ nígbà tó jẹ́ pé mẹ́rin ló ń pín in, tí a sì ya ẹyọ kan ṣoṣo, 4 la máa kọ. Va ni afẹ́fẹ́ inú àpótí, 40°C. Cj wà níbẹ̀ kí Tj má baà máa fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fojú bù ú ni.

Ẹ wo bí ó ṣe rí. 1000 W lórí bátìrì fóòtì 12, tí a bá ní inverter ń mú 85 nínú ọgọ́rùn-ún jáde, ó sún mọ́ 98 A. MOSFET méjì pín in, 49 A fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdajì àsìkò ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni 9.6 W tí o rí, 5.75°C/W lápapọ̀ sì ni ooru ń gbà kọjá. Tí óòmù bá dúró sójú kan, junction á dúró ní 95°C bí o ṣe wí. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń gbóná ni óòmù rẹ̀ ń pọ̀ sí i, bí óòmù ń pọ̀ ni wáàtì ń pọ̀, wáàtì náà sì tún ń mú un gbóná sí i. Owó èlé lórí owó èlé ni. Ó wá dúró ní 139°C, 17.3 W. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí o rí.

Ọmọ_Tanke kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti kọ ọ́ bí ẹ ṣe fi ránṣẹ́, 139 náà ni mo rí. Ohun méjì ló ṣì kù. Níbo ni 0.007 ti wá? Èkejì, 139 kò tíì dé 175. Kí ló wá ń jó wọn?

Ìgbómìnà_Power kọ pé:

0.007 wá láti inú àwòrán kan nínú datasheet tó fi Rds(on) hàn bí ìgbóná ṣe ń yí padà. 1 ló ń jẹ́ ní 25°C, tó bá di ìgbóná tó ga jù lọ ó ti tó nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ìlà tó tẹ̀ díẹ̀ ni lóòótọ́, èmi ni mo fi ìlà gbọọrọ rọ́pò rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó péye, ẹ ka á níbi márùn-ún lórí àwòrán náà, kí ẹ fi `table()`, ìyẹn àtòjọ iye, kọ ọ́ sínú LTspice.

Ìbéèrè kejì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ yí Rsa padà láti 4 sí 6. Ìyẹn ni pé heat sink ti kúrò ní 1°C/W, ó ti di 1.5. Kò sí ohun tó nira nínú ìyẹn o. Tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ tán, ẹ tú inverter èyíkéyìí tó ti pẹ́ ní ìgboro, ẹ ó rí i bí eruku pupa ṣe dí àárín eyín heat sink, tí fáànù sì ń yí láìfẹ́ nǹkan kan.

Ìṣirò tí óòmù rẹ̀ dúró sójú kan á sọ fún yín pé 114°C ni, kò séwu. Ẹ wá ran èyí tí ooru ń padà wọlé. 212°C ni. Ó ti kọjá 175 dáadáa, MOSFET ti lọ nìyẹn. Èyí tó ń ṣe mí ní kàyéfì títí dòní ni pé eruku fi 19 péré kún ti àkọ́kọ́, ó sì fi ju 70 kún èkejì. Kí ẹ sì mọ̀ pé ibì kan wà tí kò ní dúró mọ́ rárá. Ẹ fi 9.6 W sọ °C/W lápapọ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi 0.007 sọ ọ́ di púpọ̀. Tí ohun tí ẹ rí bá ti dé 1, kò sí ìgbóná tó máa dúró lé, á máa lọ sókè ni. Ní 5.75 ó jẹ́ 0.39. Ní 7.75 ó ti di 0.52.

Oògùn rẹ̀ rọrùn: ẹ fi ẹyọ kan kún apá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mẹ́ta bá pín 98 A, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé 32.7 A, wáàtì rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ á já sí 4.3. Ẹ kọ Rsa sí 6, torí mẹ́fà ló ń pín heat sink báyìí. Junction á dúró ní nǹkan bí 88°C. Tí eruku bá tún dí i, ẹ kọ 9, á dé 115°C. Heat sink kan náà ni o, fáànù kan náà.

Alfa_Wáyà kọ pé:

Ẹ gbọ́ ná, kí ẹnikẹ́ni má wo 110 A tí wọ́n kọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ datasheet kó ní méjì ti tó. Ẹ ka ohun kékeré tó wà nísàlẹ̀: 75 A ni ẹsẹ̀ àti ike rẹ̀ lè gbé. 110 yẹn gan-an, tí a bá fi yìnyín mú ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ní 25°C ni. Ta ló ní irú heat sink bẹ́ẹ̀?

ÀǹtíSolar_Ọ̀fà kọ pé:

Gbogbo ìṣirò yín dára, mo sì kí ẹ̀gbọ́n Ìgbómìnà. Ṣùgbọ́n 8 mílíóòmù tí ẹ kọ sínú fáìlì, ṣé òun náà ló wà nínú MOSFET tó wà lọ́wọ́ yín? Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà ni wọ́n ti ha orúkọ rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì tún òmíràn kọ sí i. Tí síílíkọ́nì inú rẹ̀ bá kéré, óòmù rẹ̀ á pọ̀, Rjc rẹ̀ náà á pọ̀, simulation yín á sì máa jẹ́rìí sí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí kí n tó fi lẹ́ẹ̀dì lẹ ọ̀kankan. Mo máa fún gate ní fóòtì 10 sí source, màá jẹ́ kí 5 A gba drain kọjá láti inú power supply tí mo ti dé kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá wá fi mítà wọn fóòtì láàárín drain àti source, ní gbòǹgbò ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe lórí wáyà. 40 mV tàbí kí ó dín díẹ̀ ni ojúlówó máa fún yín nígbà tí kò tíì gbóná. Tí ẹ bá rí 90, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á. Iye tí mítà bá fún yín ni kí ẹ kọ sí R1, ẹ má kọ ti ìwé.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Díódù tó wà nínú ara MOSFET fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí a fi ń wọn ìgbóná. Ẹ jẹ́ kí 10 mA gba inú rẹ̀ láti source lọ sí drain, ẹ ṣàkíyèsí fóòtì rẹ̀ nígbà tó tutù. Á máa fi nǹkan bí 2 mV já wálẹ̀ fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí síílíkọ́nì bá fi gbóná. Ẹ wọn tiyín fúnra yín nínú omi gbígbóná pẹ̀lú tẹmómítà, kí ẹ fi nylon dì í kí omi má kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí inverter ṣiṣẹ́ títí gbogbo rẹ̀ fi gbóná dé ibi tó máa gbóná dé, ẹ pa á, kí ẹ sì wọn díódù náà kíákíá. Ohun tí ẹ rí, òun ni V(Tj) yín. Tí òun àti LTspice bá fi ju dígírì mẹ́wàá lọ yàtọ̀ síra, Rcs ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: síkúrù tí kò fún, tàbí paste tó pọ̀ jù.

Bọ̀dá_Amp kọ pé:

Ẹ kú àtàárọ̀. Gáà-Àkàǹbí ni mo wà, amplifier ni iṣẹ́ mi. Tí ààwẹ̀ bá dé báyìí, wáàsí á máa lọ láti lẹ́yìn àṣámù títí di òru, amplifier kò sì ní sinmi. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé MOSFET ni ooru ń bà jẹ́ jù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé MOSFET a máa pín kọ́rẹ́ǹtì láàárín ara wọn: èyí tó bá gbóná, óòmù rẹ̀ á pọ̀, kọ́rẹ́ǹtì á kúrò lórí rẹ̀ lọ sórí èkejì. Bipolar, tiransísítọ̀ oní-base àti emitter, ni kò mọ ìyẹn ṣe. 2SC5200 àti 2SA1943 tí mo ń lò, tí ọ̀kan bá gbóná, òun náà ló máa tún gba kọ́rẹ́ǹtì sí i. Ṣé LTspice lè fi ìyẹn hàn mí?

Ìgbómìnà_Power kọ pé:

Bọ̀dá, ó lè fi hàn yín, ó sì wúlò fún yín ju bó ṣe wúlò fún àwa oní-inverter lọ.

Vbe, fóòtì láàárín base àti emitter, máa ń fi nǹkan bí 2 mV já fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹ ti ṣètò 100 mA sí inú tiransísítọ̀ yín nígbà tí kò sí ohùn, rẹsítọ̀ 0.22 óòmù sì wà ní emitter. 22 mV péré ló ń bọ́ lórí rẹsítọ̀ yẹn. Tí junction bá fi 30°C gbóná ju tiransísítọ̀ kékeré tó ń ṣètò bias (kọ́rẹ́ǹtì ìgbà tí kò sí ohùn yẹn) lọ, 60 mV ló ti lọ kúrò lára Vbe. Rẹsítọ̀ kò lè gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra, kọ́rẹ́ǹtì á gòkè sí nǹkan bí 250 mA. Lórí fóòtì 50, ìyẹn ni láti 5 W sí 12.5 W láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú gbohùngbohùn.

Model bipolar àtijọ́ tó wà nínú SPICE kò ní ẹsẹ̀ ìgbóná, nítorí náà ẹ ó fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ fi B-source, orísun tí ìṣirò ń pinnu iye rẹ̀, sáàárín base àti wáyà tó ń wọ inú rẹ̀, kí iye rẹ̀ jẹ́ `V=2m*(V(Tj)-27)`, kí ó máa ran Vbe lọ́wọ́ bí ìgbóná ṣe ń pọ̀. Ẹ fi wáàtì tiransísítọ̀ sínú àkàbà RC (àwọn rẹsítọ̀ àti kapásítọ̀ ooru) bí a ṣe ṣe níṣàájú. Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún tiransísítọ̀ bias náà, ṣùgbọ́n kí ìgbóná tirẹ̀ wá láti ojú Th, kì í ṣe láti Tj. Ìgbà yẹn lẹ máa fojú ara yín rí i pé bias máa ń gbọ́ ìròyìn ooru pẹ́. Ohùn ńlá ti kọjá, output ti gbóná, heat sink kò tíì mọ̀. Nítorí ìdí èyí ni àwọn kan fi ń gbé bias lé orí ike tiransísítọ̀ output gan-an, wọn kì í gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí heat sink.

Lórí ti MOSFET tó ń pín kọ́rẹ́ǹtì, ohun tí ẹ sọ jẹ́ òótọ́ nígbà tó bá ṣí tán pátápátá, bíi ti inverter. Nígbà tí gate kò bá tíì ga, tí MOSFET kò tíì ṣí tán, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀. Fólítéèjì ìṣísílẹ̀ rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ bó ṣe ń gbóná, nítorí náà èyí tó gbóná jù ló máa gba kọ́rẹ́ǹtì jù. Kódà nínú síílíkọ́nì ẹyọ kan, igun kan lè gbóná ju ìyókù lọ kí ó sì jó ihò. Tí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń dán bátìrì tòkunbọ̀ wò, kí ó má kàn so gate MOSFET márùn-ún pọ̀. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní op-amp tirẹ̀ àti rẹsítọ̀ tirẹ̀ ní source.

Bọ̀dá_Amp kọ pé:

Olúwa á bù kún un. Mi ò gbọ́ ti ihò inú síílíkọ́nì yẹn rí, ó sì yé mi báyìí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Polí kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ọ̀fà, iṣẹ́ àṣekágbá mi sì sún mọ́ èyí, ṣùgbọ́n tèmi ń ṣí, ó ń tì ní 20 kHz. Mo wọn heat sink mi, 500 g alumíníọ̀mù ni. Mo kọ kapásítọ̀ rẹ̀ sínú LTspice, kọ̀ǹpútà mi kò sì tíì parí. Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀kejì, mo rí i pé ilé iṣẹ́ Infineon máa ń kọ RC sínú datasheet, wọ́n sì pè é ní Foster. Ṣé mo lè so heat sink mọ́ ìdí rẹ̀?

ÀǹtíSolar_Ọ̀fà kọ pé:

Ti kọ̀ǹpútà ni màá dáhùn. Gíráàmù alumíníọ̀mù kan ń gba nǹkan bí 0.9 J fún dígírì kan, nítorí náà tìrẹ jẹ́ 450 J/°C. Pẹ̀lú 1°C/W, ìṣẹ́jú méje ààbọ̀ ni time constant rẹ̀ (òṣùwọ̀n bó ṣe ń yára gbóná), o sì nílò ìlọ́po márùn-ún ìyẹn kó tó dúró. Láti fi ìṣísílẹ̀ 20 kHz kún ju ìdajì wákàtí lọ, ó ju mílíọ̀nù ogójì ìgbà lọ. Kò sí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó máa gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá tí o bá ń fi bátìrì rẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí iná ti lọ.

Tó bá jẹ́ ibi tó máa dúró lé nìkan lò ń wá, gé kapásítọ̀ heat sink sí ìdá ẹgbẹ̀rún kan, 0.45. Óòmù ooru ló ń pinnu ibi tó máa dúró, kapásítọ̀ kàn ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó ni. Rí i dájú pé time constant rẹ ṣì gùn ju cycle kan lọ lọ́nà púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ṣe é fún Ọmọ_Tanke ní òkè, 0.1 tó kọ sí Ch, kì í ṣe ti heat sink gidi. Tó bá jẹ́ bó ṣe ń gbóná láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú lo fẹ́ rí, kọ́kọ́ ran cycle díẹ̀ ní ìgbóná mélòó kan, kọ àròpín wáàtì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o wá fi iye wọ̀nyẹn ṣe `table()` fún B-source nínú fáìlì mìíràn tí kò ní ìṣísílẹ̀ kankan. Ìyẹn á parí kí o tó mu omi tán.

Ìgbómìnà_Power kọ pé:

Ti Foster: má so heat sink mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn wá iye tó bá ìlà Zth mu ni, ìlà tó ń fi hàn bí junction ṣe ń gbóná bí àkókò ṣe ń lọ. Ojú kan sí ojú kejì ni kapásítọ̀ rẹ̀ wà, kò sí èyí tó lọ sí ilẹ̀, nítorí náà ooru tó bá wọlé láti òkè á fò gba inú kapásítọ̀ jáde sí heat sink lójú ẹsẹ̀, bíi pé irin kò sí láàárín. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá dúró ní ìgbóná kan tí kò yí padà, Foster tọ̀nà. Tí ẹ bá fẹ́ so nǹkan mọ́ ọn, ẹ yí i padà sí Cauer, oríṣi àkàbà RC kejì. Inú ìyẹn ni kapásítọ̀ gbogbo lọ sí ilẹ̀, tí ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ibì kan tí ọwọ́ lè tọ́ka sí.

Kí o sì wo model Infineon tí wọ́n ń pè ní L3. Ó ní ẹsẹ̀ Tj àti Tcase, ooru sì ń padà wọ inú iná rẹ̀ lóòótọ́. Kí o má fi SOAtherm tó wà nínú LTspice rọ́pò rẹ̀ fún iṣẹ́ tìrẹ yìí. SOAtherm máa ń fi Tj hàn, ó dára gan-an fún wíwò bóyá MOSFET á gba ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ so bátìrì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í yí óòmù MOSFET padà. Lára L3, Tcase ni kí o so Rcs àti heat sink mọ́. Tj yẹn, fi í sílẹ̀ láìso nǹkan kan mọ́ ọn, kí o kàn máa wo fólítéèjì rẹ̀.